Yanrìn Púpọ̀ Kọ́ Ni Òkun

Ọ̀rọ̀ kan ti fìdí múlẹ̀ láàárín àwọn tó ń sin ẹja òkun sínú àpótí gíláàsì, mo sì fẹ́ ta kò ó gbangba. Wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ kí àpótí rẹ̀ dà bí òkun gbọ́dọ̀ da yanrìn sí i kó jìn: íǹṣì 4, íǹṣì 5, títí dé íǹṣì 6. Wọ́n ní bí yanrìn bá ṣe nípọn tó ni omi á ṣe mọ́ tó. Àwọn tó ń ta àpótí ẹja l'Ékòó ń sọ ọ́, àwọn tó rà á lọ́wọ́ wọn ń tún un sọ, kò sì sí ẹni tó ń bi wọ́n léèrè ìdí. Ní Àgbádárìgì níbí, ọ̀rọ̀ náà tún dùn létí ju ti ibòmíràn lọ, nítorí yanrìn kò wọ́n wa. Ẹni tó bá ti wọ ọkọ̀ ojú omi sọdá ọ̀sà sí Gberefu, yanrìn ni yóò máa tẹ̀ títí yóò fi dé etí òkun. Ta ni yóò wá ní kí a má bù ú?

Èmi ni. Nínú àpótí kékeré, èyí tí gbogbo inú rẹ̀ kò gbà ju lítà 40 sí 60 lọ, yanrìn tó bá ti ju sẹ̀ǹtímítà 3 lọ kò ran ẹja lọ́wọ́ mọ́. Ẹrù ni. Ní etíkun tiwa, níbi tí ooru ti ń mú láàárọ̀ lálẹ́, tí iná mànàmáná sì ń lọ nígbà tó bá wù ú, ewu ni.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti inú òkun, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé orúkọ òkun ni wọ́n fi ń gbe ọ̀rọ̀ wọn lẹ́sẹ̀. Ẹni tó bá mọ etíkun Àgbádárìgì mọ̀ pé ìgbì ibẹ̀ kì í ṣeré. Kò sí erékùṣù níwájú wa, kò sí òkúta iyùn tó dábùú omi tí yóò gba agbára ìgbì. Láti agbami gbalasa ló ti ń bọ̀ wá fọ́ sórí yanrìn. Bó bá ti fọ́, omi á rọ́ wọnú yanrìn, á tún fà jáde, òmíràn á sì tẹ̀ lé e. Lórí èyí, omi òkun ń kún, ó sì ń fà, ìgbà méjì lóòjọ́, ní ìwọ̀n bíi mítà kan. Tọ̀sántòru ni omi tó ní atẹ́gùn nínú ń gba àárín yanrìn náà kọjá. Ẹ gbẹ́ ibẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́ bó bá wù yín, àwọ̀ rẹ̀ kò ní yí padà, kò sì ní rùn.

Ẹ wá padà sẹ́yìn, sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀sà, níbi tí omi ti ń rìn jẹ́jẹ́ láàárín Èkó àti Àjàṣẹ́, tí odò Yewa sì ń gbé ẹrẹ̀ àti ewé jíjẹrà wá sínú rẹ̀. Ẹ ki ọwọ́ bọ yanrìn ìsàlẹ̀ ibẹ̀. Kò ní jìn púpọ̀ tí ẹ ó fi kan yanrìn dúdú, òórùn ẹyin òbu á sì bá ọwọ́ yín jáde. Àwọn Ògù tó ń dẹ akàn létí ọ̀sà mọ òórùn yìí dáadáa, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni fẹ́ kọ́ wọn nípa rẹ̀. Ìlú kan náà ni etíkun àti ọ̀sà wà, wọn kò sì jìnnà sí ara wọn. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni pé omi ń gba inú yanrìn kan kọjá, kò sì rí ọ̀nà gba inú èkejì. Nítorí náà, ẹni tó da yanrìn íǹṣì 5 sínú àpótí tí ẹ̀rọ kékeré kan ń ru omi rẹ̀ lókè kò gbé etíkun Gberefu wọlé o. Ìsàlẹ̀ ọ̀sà ló gbé wọlé.

Mi ò sọ pé àwọn tó kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ yanrìn jíjìn wá kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Wọ́n mọ̀ ọ́n. Ìgbẹ́ àti ìtọ̀ ẹja, pẹ̀lú oúnjẹ tó bá ṣẹ́kù, ń di amóníà, amóníà sì máa ń pa ẹja kíákíá. Àwọn bakitéríà kan ń sọ amóníà di náítíráìtì, àwọn mìíràn ń sọ ìyẹn di náítíréètì tí ìpalára rẹ̀ kéré jù. Níbẹ̀ ni iṣẹ́ máa ń dúró sí nínú ọ̀pọ̀ àpótí, tí náítíréètì á máa pọ̀ sí i títí tí ewéko ìdọ̀tí á fi bo gíláàsì. Ṣùgbọ́n níbi tí ọ́síjìn kò bá ti sí, bakitéríà mìíràn wà tó ń já ọ́síjìn gbà lára náítíréètì, tí ìyókù á sì di gáàsì náítírójìn tó ń bá afẹ́fẹ́ lọ. Iṣẹ́ gidi nìyẹn, ìsàlẹ̀ yanrìn sì lè ṣe é.

Àṣìṣe wọn ni pé wọ́n rò pé jíjìn ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Nínú yanrìn kíkúnná tí ìdọ̀tí díẹ̀ wà nínú rẹ̀, ọ́síjìn kì í wọlé jìnnà. Ó lè tán láàárín mílímítà díẹ̀ péré. Ìyẹn ni pé yanrìn tó nípọn níwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 2 tàbí 3 ti ní ibi tí kò sí ọ́síjìn nínú. Inú òkúta tó ní ihò wínníwínní ní irú ibẹ̀ pẹ̀lú. Kí wá ni sẹ̀ǹtímítà 10 tó kù nísàlẹ̀ ń ṣe? Bí náítíréètì bá ti tán lọ́nà kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn, àwọn bakitéríà ibẹ̀ á yíjú sí sọ́fétì. Lítà omi òkun kan ní tó gíráàmù 2.7 sọ́fétì nínú, èyí tí omi odò kò sún mọ́ rárá, ìdí sì nìyẹn tí yanrìn inú omi iyọ̀ fi ń tètè dúdú ju ti àpótí ẹpìyà lọ. Ohun tí wọ́n ń sọ sọ́fétì dà ni gáàsì olóòórùn ẹyin òbu yẹn, háídírójìn sọ́fáìdì. Ìwọ̀nba díẹ̀ nínú rẹ̀ tó láti pa ẹja.

Wọn á dá mi lóhùn pé gáàsì náà kì í dé ọ̀dọ̀ ẹja, pé bó bá ti ń gòkè bọ̀ ni ọ́síjìn tó wà lójú yanrìn ń pa agbára rẹ̀. Òótọ́ ni. Mo gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí ìdáhùn náà gbé ara lé: pé ọ́síjìn yóò máa wà lójú yanrìn nígbà gbogbo. Ta ló lè ṣe irú ìlérí bẹ́ẹ̀ fún ẹja ní Àgbádárìgì?

Wọ́n mú iná lọ ní agogo mẹ́wàá alẹ́. Jẹnẹrétọ̀ ṣiṣẹ́ díẹ̀, epo tán, ilé sùn. Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi ti dákẹ́. Omi òkun tó gbóná tó 30°C kò lè gbé ju mílígíráàmù 6.2 ọ́síjìn lọ nínú lítà kan. Omi odò tó gbóná bákan náà lè gbé tó 7.5. Ẹja inú omi iyọ̀ kò ní púpọ̀ nípamọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, ooru sì ń mú kó máa mí kíákíá. Lábẹ́ rẹ̀ ni yanrìn jíjìn wà, tó ti kó sọ́fáìdì jọ fún oṣù pípẹ́. Gbèsè ọ́síjìn ni gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀ yẹn, alẹ́ tí owó kò sí nílé gan-an sì ni olówó máa ń wá sin ín. Ẹni tó ní yanrìn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lè pàdánù ẹja lóru bẹ́ẹ̀, n kò ní tan yín jẹ. Ṣùgbọ́n ẹja onítọ̀hún ń bá àìsí atẹ́gùn nìkan jà. Ti oníyanrìn jíjìn ń bá méjì jà.

Ẹ tún jẹ́ ká fi ìṣirò wò ó, nítorí àwọn tó ń pariwo yanrìn púpọ̀ kì í fẹ́ ṣírò. Ẹ mú àpótí tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 45, tó fẹ̀ ní 30, tó ga ní 30. Lítà 40 àti díẹ̀ ni inú rẹ̀ gbà. Ká fi sẹ̀ǹtímítà 3 sílẹ̀ lókè kí omi má baà dànù. Bí a bá da yanrìn sẹ̀ǹtímítà 12 sí i, èyí tí í ṣe nǹkan bí íǹṣì 5, yanrìn nìkan ti gba ààyè lítà 16, ó sì wúwo tó nǹkan bí kílò 26 lórí tábìlì. Omi tó kù fún ẹja láti wẹ̀ nínú rẹ̀ kò ju lítà 20 lọ. Bó bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 3 ni yanrìn, ẹja á ní lítà 32. Ẹ fi wé ọ̀rọ̀ ọ́síjìn tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan: lítà 20 gbé nǹkan bí mílígíráàmù 125, lítà 32 gbé nǹkan bí 200. Kí iná tó lọ ni ẹni tó fẹ́ràn yanrìn ti gba ohun tó lé ní ìdá kan nínú ìdá mẹ́ta atẹ́gùn ẹja rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdọ̀tí kan náà tún ń le sí i nínú omi tó kéré, ooru ọ̀sán ń tètè gbóná omi tó kéré, òjò ojú fèrèsé kan lè yí iyọ̀ omi tó kéré padà. Omi púpọ̀ ni ààbò àpótí kékeré, yanrìn jíjìn sì ń lé omi jáde ni.

Ibo gan-an ni ìmọ̀ràn yìí ti wá? Ní ìparí àwọn ọdún 1980, onímọ̀ ará Faransé kan, Jean Jaubert, gbé ọ̀nà kan kalẹ̀ ní Monaco: yanrìn iyùn tó nípọn, pẹ̀lú àlàfo omi lábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, ní Amẹ́ríkà, láti àwọn ọdún 1990, Ron Shimek ń kọ́ni pé kí a lo yanrìn kíkúnná tó jìn, kí a sì jẹ́ kí aràn àti àwọn ẹ̀dá kéékèèké kún inú rẹ̀. Ọgbọ́n wà nínú ti àwọn méjèèjì. Àmọ́ ẹ wo ohun tó ti já bọ́ lójú ọ̀nà kí ìmọ̀ràn wọn tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Yanrìn Jaubert, ara iyùn àti ìkarahun ni wọ́n ti rí i. Bí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá ti ń kan díẹ̀díẹ̀ nítorí iṣẹ́ bakitéríà, yanrìn náà ń yọ́, ó sì ń dá kálísíọ́ọ̀mù padà sínú omi. Ìdajì èrè ọ̀nà yẹn nìyẹn. Yanrìn tiwa ńkọ́? Láti Àgbádárìgì lọ sí ìlà-oòrùn, òkúta akọ tí omi ti lọ̀ kúnná ni yanrìn wa, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe gíláàsì gan-an. Kì í yọ́ nínú omi òkun dé ibi tí ẹnikẹ́ni lè rí. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń bẹ̀rù rẹ̀, wọ́n ní ó ń mú ìdọ̀tí pupa-rẹ́súrẹ́sú hù lára gíláàsì. Ẹ̀rù yẹn kò ní ìdí púpọ̀, nítorí ohun tí kì í yọ́ kò lè bọ́ nǹkan kan. Yanrìn tó dára ni, bí a bá fọ̀ ọ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹni tó kó o jọ ní íǹṣì 5 ti gba ewu ọ̀nà Jaubert láìgba èrè rẹ̀.

Ní ti Shimek, ọwọ́ aràn ni ọ̀rọ̀ wà. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé yanrìn lásán ń ṣiṣẹ́. Àwọn aràn àti àwọn edé wínníwínní inú rẹ̀ ló ń gbẹ́ ẹ, tí wọ́n ń jẹ ìdọ̀tí, tí wọ́n sì ń la ọ̀nà fún omi. Nínú àpótí tí mo ṣírò yìí, gbogbo ojú yanrìn kò ju abala bébà A4 méjì àti díẹ̀ lọ. Ẹja méjì àti akàn kan á jẹ aràn ibẹ̀ tán láìpẹ́. Nígbà náà, ó di dandan kí a máa wá òmíràn fi rọ́pò. Ẹ ẹ̀ rí ẹni tó ń ta aràn inú yanrìn l'Ójúẹlẹ́gbà. Bí aràn bá ti tán, ìdọ̀tí ló kù tó ń wọlé tí kò sí ẹni tó ń jẹ ẹ́, fọ́sífétì á máa kóra jọ, àpótí tó dùn ún wò lọ́dún àkọ́kọ́ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàìsàn lọ́dún kẹta láìsí ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe é.

Orúkọ kan wà tí mo fẹ́ kí àwọn ará etíkun mọ̀ ju orúkọ àwọn méjì yẹn lọ. Lee Chin Eng ni, ará Jakarta ní Indonéṣíà. Ní 1961 ló kọ ọ̀nà tirẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn Tropical Fish Hobbyist ti Amẹ́ríkà. Ilẹ̀ olóoru bíi tiwa ló ń gbé, omi òkun sì wà nítòsí rẹ̀ bó ṣe wà nítòsí wa. Omi òkun, òkúta òkun tó ṣì ní ẹ̀mí lára, àti atẹ́gùn tó ń hó díẹ̀díẹ̀ nínú omi ni ó fi ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tó wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ ló lò. Àwa fi ohun tó wà lẹ́nu ọ̀nà wa sílẹ̀, a wá ń lo ọgbọ́n tí a ṣe fún ẹni tí òkun jìnnà sí.

Ibi tó ká mi lára jù nìyí. Ẹni tó ń gbé ní àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà ní láti fi owó ra iyọ̀ tí yóò pò di omi òkun. Gbogbo omi tó bá dà nù, owó ló dà nù. Ìyẹn ló ṣe ń wá ohunkóhun tí yóò bá a jẹ náítíréètì kó má baà pààrọ̀ omi. A ò bá a wí. Ṣùgbọ́n ọmọ Àgbádárìgì tí ìró ìgbì ń jí lójú oorun, kí ló ń wá lọ sínú yanrìn jíjìn? Bó bá pààrọ̀ ìdá kan nínú ìdá márùn-ún omi rẹ̀ lọ́sẹ̀, ìdá kan nínú ìdá márùn-ún náítíréètì ti jáde nìyẹn, kò sí pé bóyá bakitéríà ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣiṣẹ́. Lítà 6 àti ààbọ̀ péré ni fún àpótí tí a fi ṣe ìṣirò lókè. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 kan á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó o fún oṣù kan, bó bá dé e mọ́ ibi tí oòrùn kò dé.

Kó má ṣe bu omi ọ̀sà o. Iyọ̀ ibẹ̀ ń yí padà pẹ̀lú òjò, ìdọ̀tí láti ibòmíràn sì ń wọ inú rẹ̀. Òkun ni kó lọ, kó jẹ́ ọjọ́ tí òjò ńlá kò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀, kó jìnnà sí ibi tí epo ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ wà lójú omi, kó sì padà sílé bí ewéko òkun tó ń jẹrà bá ti bo etíkun lọ́jọ́ náà. Kó fi háídírómítà wò ó: láti 1.024 sí 1.026 ló dára. Kó jẹ́ kó sùn mọ́jú kí ohun tó bá wúwo lè rọlẹ̀. Iṣẹ́ nìyí, mo mọ̀. Ẹni tí iṣẹ́ yìí bá pọ̀ jù fún, àpótí omi iyọ̀ kò yẹ ẹ́, yanrìn kankan kò sì lè bá a ṣe é.

Ní ti òkúta, etíkun wa kò ní òkúta iyùn, òótọ́ ni. Àpáàdì wà. Àfọ́kù ìkòkò amọ̀ tí a sun dáadáa, tí a kò fi ọ̀dà kùn, ní ihò wínníwínní tí bakitéríà ń gbé inú rẹ̀. Ẹ rẹ ẹ́ sómi fún ọjọ́ bíi mélòó kan, ẹ máa da omi rẹ̀ nù, kí ẹ tó tò ó sínú àpótí kí omi lè máa gba àárín rẹ̀ kọjá. Ìkarahun òkun tí a ti fọ̀ tó gbẹ lè wà láàárín rẹ̀. Ohun tí wọ́n ní yanrìn íǹṣì 5 yóò ṣe, àpáàdì á ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀, kò sì ní fi gáàsì pamọ́ sábẹ́ ẹja.

Àwọn kan á fẹ́ bá wa làjà: ẹ jẹ́ ká fi í sí sẹ̀ǹtímítà 6 tàbí 7, kò jìn, kò fẹ́lẹ́. N kò gba ìlàjà yìí. Ó jìn ju ohun tí a lè fi páìpù rọ́bà fa ìdọ̀tí inú rẹ̀ jáde láìda omi rú, kò sì jìn tó ohun tí àwọn olùkọ́ yanrìn jíjìn fúnra wọn ń béèrè. Yanrìn sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3, rọ́bà á dé ìsàlẹ̀ rẹ̀ nígbà gbogbo tí a bá ń pààrọ̀ omi, a ó sì máa fi ojú ara wa rí ohun tó wà níbẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ni mo gbà pé ó nílò jíjìn: ẹ̀dá tó ń gbẹ́ ihò gbé. Akàn tó ń ri ara rẹ̀ mọ́lẹ̀, ìkarahun aláàbọ̀ méjì tó ń wọ yanrìn lọ, edé tó ń gbẹ́ ihò, ìyà ni kí a fi wọ́n sórí yanrìn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Fún irú wọn, ẹ wá abọ́ rọ́bà kékeré, ẹ da yanrìn tó jìn sínú rẹ̀, kí ẹ gbé e sí igun kan àpótí. Ọjọ́ tó bá rùn, ẹ ó gbé abọ́ jáde, ìyókù àpótí kò ní mọ̀ rárá.

Ẹni tó bá ti da tirẹ̀ jìn tẹ́lẹ̀, kó má ṣe ki ọwọ́ bọ ọ́ lónìí kó sì kó gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyẹn gan-an ló máa tú sọ́fáìdì jáde sí ẹja lójú. Bó bá ti ń pààrọ̀ omi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kó máa fi rọ́bà fa yanrìn tó fẹ̀ tó ìka mẹ́rin láti ẹ̀gbẹ́ kan, láti òkè dé ìsàlẹ̀, pẹ̀lú omi tó fẹ́ dànù, sínú garawa tó wà níta. Kí ẹ̀rọ atẹ́gùn máa ṣiṣẹ́ ní gbogbo àsìkò yẹn. Bí òórùn ẹyin òbu bá jáde, kó dúró, kó da omi tuntun sí i, kó fi ìyókù di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá ti ṣófo, kó tẹ́ yanrìn tuntun tí a ti fọ̀ sí i, sẹ̀ǹtímítà 2, kó tó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ó lè gba oṣù méjì. Ẹja rẹ̀ kò ní kúrò nínú àpótí ní gbogbo ìgbà náà, bí ọ̀sẹ̀ sì ṣe ń kọjá ni ààyè omi rẹ̀ á máa pọ̀ sí i.